Ọwọ́ Tó Di Igi Mú

Ẹni tó bá fẹ́ mọ iṣẹ́ tí mo fi ayé mi ṣe, kó gba títì márosẹ̀ láti Ajah, kó máa lọ sí ọ̀nà Awoyaya, kó wá gbójú sókè. Òrùlé tó bá rí tó dúró ṣánṣán, tí kò jò, tí atẹ́gùn òkun kò tíì ṣí, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ èmi àti àwọn èèyàn mi la kàn án. Èyí tó bá wọ́, ẹ má bi mí, iṣẹ́ ẹlòmíì ni.

Káfíńtà òrùlé ni mí, Láyíwọlá lorúkọ mi. Mi ò kan àga tà rí. Bẹ́ẹ̀dì kan ṣoṣo ni mo kàn láyé mi, ìyàwó mi ló ń sùn lórí rẹ̀, ó sì ń dún títí dòní. Iṣẹ́ tèmi, òkè ló wà. Ní báyìí tí orúnkún mi ti kọ̀ fún mi pé òun ò gun àkàbà mọ́, ilẹ̀ ni mò ń jókòó sí, mo sì ń fi ẹnu kan ilé.

Láìpẹ́ yìí ni àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò wa ní kí n wá bá àwọn sọ̀rọ̀ nípa iṣẹ́ ọwọ́. Ọmọkùnrin kan dìde, ó bi mí pé, bí èèyàn bá débi iṣẹ́ kan, tó rí i pé àṣà tí wọ́n ń dá níbẹ̀ kò dáa, tí ọ̀gá ò sì gbọ́ràn, ṣé kó fi ibẹ̀ sílẹ̀ ni àbí kó bá wọn jà? Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ la ẹnu láti dá a lóhùn ni wọ́n gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn lọ́wọ́ mi, wọ́n ní àsìkò ti lọ. Ó dùn mí, torí mo ní ìdáhùn, ṣùgbọ́n ìdáhùn mi gùn. Ẹ jókòó dáadáa.

Ọ̀gá Ṣànúsí ni bàbá mi fà mí lé lọ́wọ́. Bí wọ́n ṣe gbà mí àti ohun tí wọ́n san, ẹ jẹ́ ká fò ó, kò sí adùn níbẹ̀. Títì márosẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé nígbà náà ni. Iyanrìn àti igi àgbọn ló wà lọ́tùn-ún lósì, àti àbàtà. Àwọn ìdílé onílẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í ta ilẹ̀, gbogbo ẹni tó bá sì ti rà, káfíńtà ló ń wá.

Ọ̀gá jẹ́ ọkùnrin kúkúrú, ó dúdú, kì í pariwo. Ní ọdún tí mo kọ́kọ́ dé, kò jẹ́ kí n fọwọ́ kan ayùn. Ìṣó tó ti wọ́ ni mò ń nà. Wọ́n á yọ wọ́n lára pákó àlòkù, wọ́n á dà wọ́n sínú agolo fún mi, èmi á jókòó ti irin kan, màá máa fi òòlù nà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Èékánná mi dúdú fáú. Bí mo bá délé, ìyá mi á fi omi gbígbóná jó ọwọ́ mi, á máa bi bàbá mi pé ṣé ó dá a lójú pé iṣẹ́ ni wọ́n ń kọ́ mi níbẹ̀.

Nígbà tí mo wá débi ayùn, mo rí i pé ìṣó gan-an ló rọrùn. Ọ̀rọ̀ kan ni Ọ̀gá ní lẹ́nu: "Tú u." Bí o bá kan igi bí ogún, tí ẹyọ kan ṣoṣo wọ́ díẹ̀, kò ní bú ẹ, kò ní nà ẹ́. Á di ojú kan, á fi ìkejì wò ó bí ọdẹ tó fẹ́ yìnbọn, á ní, "Tú u." Kì í ṣe ẹyọ kan yẹn ló ń sọ o. Gbogbo rẹ̀ lo máa tú. Mo ti sunkún lórí òrùlé rí nítorí ọ̀rọ̀ yẹn, tí mò ń fi apá nu ojú kí àwọn tó wà nísàlẹ̀ má bàa rí mi.

Lójú mi nígbà náà, ìkà ni. Ṣùgbọ́n ìjì kan jà ní Ajah ní ọdún tí mo máa gba fúrídọ̀ọ̀mù, ó ká páànù lórí ilé onílé bí ẹni ń ká ẹní. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, a lọ káàkiri láti wo àwọn ilé tí a ti kàn. Kò sí èyí tó ṣí. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti dárí ji "Tú u." Mo sọ èyí fún yín ṣáájú, kẹ́ ẹ má bàa rò pé èèyàn burúkú ni Ọ̀gá mi nígbà tẹ́ ẹ bá gbọ́ ìyókù. Ó mọ iṣẹ́, ó sì fẹ́ràn wa. Ìyẹn gan-an ló jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà le.

A ní àṣà kan ní sáìtì Ọ̀gá tí à ń pè ní ìrìn òkè. Lọ́jọ́ tí a bá gbé igi gbọọrọ tó wà ní ṣóńṣó òrùlé sípò, èyí tí gbogbo igi yòókù fi orí tì, káfíńtà kọ̀ọ̀kan máa rìn lórí rẹ̀ láti ìdí dé òpin, lọ́wọ́ òfìfo. Igi yẹn ò fẹ̀ ju àtẹ́lẹsẹ̀ lọ. Onílé àti àwọn èèyàn rẹ̀ á dúró nísàlẹ̀, wọ́n á máa pàtẹ́wọ́. Ẹni tó bá fọwọ́ di igi mú kó tó dé òpin, òun ló máa ra búrẹ́dì àti ẹ̀wà fún gbogbo sáìtì, wọ́n á sì máa fi orin pè é ní obìnrin títí ọ̀sẹ̀ á fi parí. Ìyàwó mi máa ń ní kò sí obìnrin tó rọbí rí láìdi nǹkan mú, ṣé ojo wá ni gbogbo ìyá wa.

Ẹ má fi ojú yẹpẹrẹ wo orin yẹn. Búrẹ́dì ò dun ẹnikẹ́ni. Orin yẹn ló ń dunni, torí wọ́n á kọ ọ́ bá ẹ dé ibi tó o ti ń jẹun, wọ́n á kọ ọ́ lójú ọ̀nà, àwọn olóúnjẹ á gbè é.

Ganíyù ni ẹnìkejì mi. Ọjọ́ kan náà la gba fúrídọ̀ọ̀mù, a sì jọ dúró ti Ọ̀gá, a ò lọ. Ọmọ apẹja ni, etí ọ̀sà ni wọ́n bí i sí. Ó mọ okùn ta, ó sì mọ atẹ́gùn. Bí oòrùn bá ti kọjá àtàrí, á gbé imú sókè, á ní atẹ́gùn ti yí, ó ti ń ti òkun bọ̀. Ẹ̀rín kì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀. Bí èmi àti ìwọ bá ń jà, Ganíyù ló máa là wá, àwa méjèèjì á sì máa rẹ́rìn-ín kó tó parí ọ̀rọ̀.

Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan là ń kàn ní Awoyaya nígbà tí ó ṣẹlẹ̀. Onílé pẹ́ kó tó dé, ìrìn òkè tó yẹ ká rìn láàárọ̀ sì di ọ̀sán. Ganíyù sọ fún Ọ̀gá pé atẹ́gùn ti yí. Ọ̀gá ní kó tètè rìn kó tó le. Èmi ti rìn, mo ti sọ̀kalẹ̀, mo wà nísàlẹ̀ pẹ̀lú àwọn tó ń wòran. Ganíyù rìn dé àárín. Atẹ́gùn kó sínú ẹ̀wù rẹ̀, ó tẹ̀ sọ́tùn-ún, ó tẹ̀ sósì, ó lóṣòó, mo sì rí ọwọ́ rẹ̀ tó lọ sára igi. Mo mí kanlẹ̀. Ni mo bá tún rí ọwọ́ yẹn tó kúrò níbẹ̀.

Ó já bọ́. Pákó tó ya lábẹ́ rẹ̀ ni mo gbọ́, lẹ́yìn náà, iyanrìn. Òkìtì iyanrìn tí àwọn bíríkìlà dà sílẹ̀ ló gbà á. Ká ní búlọ́ọ̀kù ni, ìtàn òkú ni mi ò bá máa sọ fún yín. Ikú tí ì bá pani, bó bá ṣíni ní fìlà, ká dúpẹ́. Ṣùgbọ́n egungun ìbàdí rẹ̀ fọ́, nígbà tó sì padà dìde, ẹsẹ̀ kan ti kúrú ju ìkejì lọ. Káfíńtà òrùlé tó mọ̀ ọ́n ṣe jù lọ láàárín wa ò ní gun òkè mọ́ láyé.

Mo lọ wò ó ní ọsibítù. Mo bi í pé kí ló dé, ṣebí mo rí ọwọ́ rẹ̀ lára igi. Ó wo òkè àjà, ó dá mi lóhùn.

"Mo ti dì í mú, Láyíwọlá. Mo wá gbọ́ tí ẹnì kan rẹ́rìn-ín nísàlẹ̀, mo sì yọ ọwọ́."

Mo jáde síta, mo fara ti ògiri, mo sunkún. Nítorí orin! Ọkùnrin tó ti di ìyè mú, tó tún jù ú sílẹ̀ nítorí ẹ̀rín. Ibẹ̀ ni mo ti pinnu pé bó bá jẹ́ ohun kan ṣoṣo ni mo máa rí ṣe nídìí iṣẹ́ yìí, kò sí káfíńtà mìíràn tó máa yọ ọwọ́ lára igi níṣojú mi.

Mo kọ́kọ́ gbà á bí ìjà. Mo kojú Ọ̀gá níwájú gbogbo ayé, mo ní kó fòpin sí ìrìn òkè. Òun náà ti sunkún lórí ọ̀rọ̀ Ganíyù, mo mọ̀, òun ló gbọ́ bùkátà ọsibítù látòkè délẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ní ọ̀dọ̀ ọ̀gá òun lòun ti bá a, ọ̀gá òun náà bá a lọ́dọ̀ ọ̀gá tiẹ̀. Ó ní onílé tó bá ń wo wa gbọ́dọ̀ rí i pé iṣẹ́ wa ò mì.

"Bí ẹni tó kàn án bá ń bẹ̀rù rẹ̀," ni ohun tó bi mí, "ta ni yóò sùn sábẹ́ rẹ̀?"

Ká má purọ́, ọ̀rọ̀ yẹn ní ìtumọ̀. N ò rí èsì fún un, ni mo bá fi ariwo dí i. Mo pariwo lójoojúmọ́. Mo ń bú ẹni tó bá rìn, mo ń bú ẹni tó bá pàtẹ́wọ́. Bí mo ṣe ń bú wọn tó ni wọ́n ń rìn tó. Àwọn kan tilẹ̀ ń fi ẹsẹ̀ kan dúró láàárín igi láti fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Iṣẹ́ sú mi, oúnjẹ ò wọlé, ìyàwó mi ní ojú mi ti rí bí ìgbà tí wọ́n sọ fún mi pé ilé jó. Àsìkò yẹn ni kọ́ńtírátọ̀ kan ní Oniru ránṣẹ́ pè mí pé kí n wá bá òun ṣiṣẹ́. Gbogbo ẹni tó gbọ́ ló ní kí n lọ.

Mo lọ dágbére fún Ganíyù nílé ìyá rẹ̀ létí ọ̀sà. Ó jókòó sórí àpótí, ó ń tún àwọ̀n ṣe, ó na ẹsẹ̀ tó kúrú síwájú. Mo ròyìn fún un láti orí dé ìsàlẹ̀: ariwo tí mo pa, èébú tí mo bú, bí wọn ò ṣe gbọ́. Ó ń tẹ́tí, ó ń mi orí. Mo rò pé ó fẹ́ kẹ́dùn fún mi ni.

"Ojú rẹ ti le jù," ló sọ. "Ká ní mo wà lórí igi, tí mo rí ojú rẹ yìí nísàlẹ̀, màá kúkú fò."

Mo bínú, lẹ́yìn náà ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu mi, àwa méjèèjì rẹ́rìn-ín títí ìyá rẹ̀ fi yọjú. Nígbà tí ẹ̀rín tán, ó bá mi sọ̀rọ̀ bí àgbà. Ó ní ọ̀rọ̀ rere ní ń yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ búburú ní ń yọ ọfà lápó. Ó ní àwọn ọmọkùnrin yẹn ò bẹ̀rù ikú, mo sì ń fi ikú dẹ́rù bà wọ́n. Ẹ̀rín ni wọ́n ń bẹ̀rù. Ó ní bí mo bá lọ sí Oniru, èmi á là, àwọn yẹn á sì máa rìn lọ. Bí mo bá sì máa dúró, kí n dúró pẹ̀lú inú dídùn, kí n wá nǹkan ṣe sí ẹ̀rín yẹn. Ó wá fa okùn kan yọ lábẹ́ àpótí, okùn tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ta, tó nípọn, tó rọ̀. Ó so ó mọ́ mi nídìí, ó fà á wò, ó ní kò ní já.

Mi ò lọ sí Oniru.

Ilé tó tẹ̀lé e, Ajah ni. Lọ́jọ́ ìrìn òkè, kí n tó gun àkàbà, mo ti ra búrẹ́dì, mo ti ra ẹ̀wà, mo gbé e sábẹ́ igi àgbọn, mo da aṣọ bò ó. Mo so okùn Ganíyù mọ́dìí, mo so orí rẹ̀ kejì mọ́ igi tí a ti kàn tó dúró. Wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo. Mo rìn dé àárín gan-an, mo jókòó sórí igi, mo fi ọwọ́ méjèèjì gbá a mọ́ra bí ẹni gbá ọmọ mọ́ra, mo wá ké sí wọn nísàlẹ̀ pé, "Mo ti dì í mú o! Ẹ ṣí aṣọ yẹn, ẹ máa jẹun!"

Orin bẹ̀rẹ̀. Ẹ gbọ́ mi, bí mo ṣe sọ̀kalẹ̀, èmi ni mo gbà á lẹ́nu wọn, mo ń dá a, mo ń jó o. Ẹni tó pè mí ní obìnrin, mo bu ẹ̀wà fún un, mo ní ọkọ mi, ẹ kú iṣẹ́, ẹ jẹun kẹ́ ẹ yó. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Orin èébú kì í dùn mọ́ bí ẹni tí wọ́n fi ń bú bá ń gbè é. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ fi máa parí, kò sí ẹni tó ń kọ ọ́ mọ́.

Ọ̀gá nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ó pè mí, ó ní ẹni tó bá ń di igi mú, ilẹ̀ ni àyè rẹ̀. Ó gbé agolo ìṣó fún mi. Èmi, bàbá ọmọ, tí mo ti gba fúrídọ̀ọ̀mù láti ọjọ́ pípẹ́, mo tún padà sídìí ìṣó nínà bí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Inú mi bàjẹ́, mi ò ní tàn yín. Bí mo ṣe ń lọ sílé lọ́jọ́ yẹn, Oniru ń pè mí létí. Ṣùgbọ́n mo rántí okùn yẹn àti ọwọ́ tó ta á. Mo ní ó dáa, bó bá jẹ́ ìdí ìṣó ni Ọlọ́run fẹ́ kí n ti ṣe é, ìdí ìṣó náà ni màá ti ṣe é, mi ò sì ní fa ojú ro.

Mo jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ àkàbà, ibi tí gbogbo ẹni tó ń gòkè gbọ́dọ̀ kọjá. Mò ń na ìṣó, mò ń kọrin. Ẹni tó bá ń gòkè, mo kí i. Ẹni tó bá sọ̀kalẹ̀, mo kí i káàbọ̀ bí ẹni tó ti ìrìn àjò dé, mo bi í pé kí ló rí lókè. Lára igi àkàbà ni mo gbé okùn kọ́ sí. Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni mú un. Ní ọjọ́ kan, Súlè, ọ̀kan lára àwa káfíńtà, ẹni tó fi ẹsẹ̀ kan dúró lórí igi láti fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, bẹ̀rẹ̀ sí mi létí, ó sọ wúyẹ́wúyẹ́ pé ìyàwó òun lóyún, ṣé mo lè so okùn yẹn mọ́ òun kó má hàn síta. Mo so ó mọ́ ọn lábẹ́ ẹ̀wù. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e, ẹlòmíì dé. Díẹ̀ díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọ ọgbà. Nígbà tó ṣe, ìbàdí gbogbo káfíńtà Ọ̀gá Ṣànúsí ti wú lábẹ́ ẹ̀wù ju ti ènìyàn ẹlẹ́ran ara lọ, kò sì sí ẹni tó bi ẹnìkejì pé kí ló jẹ ẹ́ ní ìbàdí.

Okùn kan ò tó mọ́, ni mo bá lọ pe Ganíyù. Ó ń tiro bọ̀ ní sáìtì láàárọ̀ ọjọ́ kan pẹ̀lú ẹrù okùn ní èjìká. Gbogbo iṣẹ́ dúró. Ọ̀gá wò ó láti òkèèrè, kò lè sọ pé kó padà. Ta ló máa lé Ganíyù? Ó gbé àpótí rẹ̀ sídìí àkàbà, ó jókòó, láti ọjọ́ yẹn sì ni òun ló ń so gbogbo wa. Ẹ̀fẹ̀ ló fi ń so wá. Á so ó fún ẹ tán, á fà ẹ́ bí ẹni ń fa ewúrẹ́, á ní kó o lọ, kó o bọ̀. Okùn wá jáde síta lábẹ́ ẹ̀wù, kò sí ẹni tó fi pamọ́ mọ́.

Ọ̀gá ò bá wa sọ ọ́. Ó dá mi padà sókè láìsọ ìdí rẹ̀. Ìrìn òkè ṣì ń lọ, ṣùgbọ́n ó ti yí padà mọ́ wa lọ́wọ́: ẹni tó bá dé àárín á jókòó, á di igi mú, á ké pé òun ti dì í mú, ìsàlẹ̀ á dáhùn, a ó sì jọ dáwó búrẹ́dì. Ti àwọn onílé tó ń wòran wá yà mí lẹ́nu. Mo rò pé wọ́n á ní iṣẹ́ wa ò dúró ni. Onílé kan ní ọkàn òun ṣẹ̀ṣẹ̀ wá balẹ̀, torí ẹni tó tọ́jú ara rẹ̀ báyìí á tọ́jú ilé òun. Èsì tí mi ò rí fún Ọ̀gá lọ́jọ́sí nìyẹn. Mi ò lọ fi yangàn fún un.

Ayé wá yí. Wọ́n ń fẹ títì márosẹ̀, ẹ̀sìtéètì ń hù bí olú, ayùn ọwọ́ di ayùn oníná, páànù kéékèèké di páànù gígùn tó ń bo òrùlé láti ṣóńṣó dé etí rẹ̀, ìṣó di ìdè oníyíyí, ìyẹn sìkúrúù. A gba iṣẹ́ ní àwọn sáìtì ńlá tí wọ́n ti ń fún èèyàn ní akoto àti bẹ́líìtì. Mo rí àwọn káfíńtà ibòmíì tí wọ́n ń bọ́ bẹ́líìtì wọn bí alábòójútó bá ti kọjá. Àwọn tiwa kàn fi bẹ́líìtì rọ́pò okùn ni, Ganíyù sì ń fà á wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Nǹkan tí wọ́n bá fi ipá gbé ka èèyàn lórí, bó bá rí àyè, á sọ ọ́ kalẹ̀. Èyí tó fi ẹ̀rín gbé fúnra rẹ̀, kò sí ẹni tó máa ṣọ́ ọ.

Ọmọ mi tó bi mí léèrè, ìdáhùn ẹ ti ń bọ̀ nìyẹn. Ó ku ibì kan.

Ọ̀gá darúgbó. Ó wá kọ́ ilé tiẹ̀ níkẹyìn, lápá Ibeju-Lekki, lórí ilẹ̀ tó ti rà láti ìgbà tí ẹnikẹ́ni ò tíì dá ibẹ̀ mọ̀. Àwa ọmọ rẹ̀ la kàn án, ọ̀fẹ́ ni, tayọ̀tayọ̀ ni. Lọ́jọ́ tí a gbé igi ṣóńṣó sípò, ó dìde lórí àga, ó ní òun fẹ́ rin ìrìn òkè ilé òun, bí ọ̀gá òun ṣe kọ́ òun. Ta ló fẹ́ sọ fún àgbà pé kó má gun ilé ara rẹ̀? Ganíyù dìde nídìí àkàbà, ó na okùn sí i. Ọ̀gá wò ó, ó fọwọ́ kàn án léjìká, ó kọjá lára rẹ̀, ó gòkè.

Ó rìn dáadáa níbẹ̀rẹ̀. Ọkùnrin yẹn mọ òkè. Ṣùgbọ́n nígbà tó dé àárín, atẹ́gùn ti yí. Mo rí agbádá rẹ̀ tó kún. Ó dúró. Kò lè lọ síwájú, kò lè padà. Mo bojú wẹ̀yìn wo àwọn èèyàn wa, ẹ̀rù sì ń bà mí kí n má lọ gbọ́ ẹ̀rín ẹnikẹ́ni. Ohun tí mo rí ni pé gbogbo wọn gbé ojú sókè, wọ́n ń rẹ́rìn-ín músẹ́ sí i, bí ẹni tó ń kí bàbá rẹ̀ káàbọ̀ láti ọ̀nà jíjìn. Súlè na ọwọ́ méjèèjì sókè, ó pa wọ́n dé bí ẹni tó ń di nǹkan mú. Ẹlòmíì ṣe é. Gbogbo wa ṣe é.

Ọ̀gá lóṣòó díẹ̀díẹ̀. Ó jókòó sórí igi, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú.

Ohùn rẹ̀ sọ̀kalẹ̀ wá bá wa, ohùn tí kì í pariwo yẹn. "Mo ti dì í mú," ló wí. "Ẹ gbé okùn Ganíyù wá fún mi."

Èmi ni mo gbé e gòkè, èmi ni mo so ó mọ́ ọn, mo sì mú un sọ̀kalẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ lórí àkàbà. Ó ní kí wọ́n ra búrẹ́dì, òun lòun máa rà á, kò gbà kí ẹnikẹ́ni bá òun dáwó. Nígbà tí búrẹ́dì dé, ó bù ú, kò bu tiẹ̀ sẹ́nu. Ó rìn lọ sídìí àkàbà, ó jókòó sílẹ̀ lórí iyanrìn ní ẹ̀gbẹ́ àpótí Ganíyù, ó na búrẹ́dì náà sí i.

"Ó yẹ kí n ti dì í mú ṣáájú rẹ," ló sọ fún un.

Ganíyù gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ó bù ú sí méjì, ó sì dá ìdajì padà fún Ọ̀gá, àwọn méjèèjì jẹun.